Kírẹ́díìtì Kan Péré

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ránṣọ lọ́dọ̀ mi rí ní Àjàngbádí mọ̀ pé ojú mi kì í tàsé. Bí oníbàárà bá ń wọlé bọ̀, kó tó jókòó ni mo ti mọ iye ínṣì tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Tí mo bá tún fa téèpù yọ, kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ìyẹn ti yéni kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí mo mọ ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo obìnrin tó bá sọ pé F9 lòun gbà nínú ìṣirò.

F9 ni mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbà á, lọ́dún tí mo parí girama àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn iṣẹ́ yòókù dáa, Yorùbá tiẹ̀ dáa débi pé tíṣà wa kà á sókè létí gbogbo kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, ẹnu ọ̀nà ni yunifásítì ti máa dá a padà. Mo pa ìwé dé, mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ náà sì gbà mí. Ó lé lógún ọdún tí mi ò fi yà sí ọ̀rọ̀ F9 náà mọ́.

Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ló tún hú u jáde. Ó jókòó dè mí lọ́jọ́ kan, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gé apá aṣọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin yìí, ó yẹ kẹ́ ẹ wà ní kíláàsì. Wọ́n ní part-time fún àwọn tó fẹ́ di tíṣà home economics, ẹ lè máa ṣiṣẹ́ yín lọ." Ó ka ohun tí wọ́n ń béèrè fún mi lórí fóònù rẹ̀. Mo ní gbogbo rẹ̀, àfi kírẹ́díìtì kan péré. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àwọn tí kò sí nílé ìwé mọ́ kí n tó ronú ẹni tó máa kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nílé tó jẹ́ kí n ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọbìnrin mi wà ní SS2. Nígbà tó wà ní JSS2, ó mú méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún wálé nínú ìṣirò, inú bí mi, mo sì sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ta lo jọ? Èmi tí mo bí ẹ, A ni mo gbà nínú maths." Bàbá rẹ̀ ń jẹun. Ó mọ òtítọ́. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ orí mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni A náà ti di tèmi. Gbogbo ìgbà tí ripọ́ọ̀tù káàdì bá dé ni mo ń gbé e jáde. Tí mo bá wá lọ ṣèdánwò, tí mo tún gba F9 kẹta, ojú wo ni n ó fi wò ó? Mo pinnu pé kò ní gbọ́.

Ẹni tó wá kọ́ mi kò mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń bọ̀ wá gbà. Ọmọ yunifásítì ni, ó gba yàrá kan sí Ìbà, kò jìnnà sílé wa. Ìṣirò gan-an ló ń kà, ó sì ti dé ọdún kẹta. Ó wá rán gáùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàgàdà, èyí tí àwa télọ̀ ń pè ní fíléà. Ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo mú kakulétọ̀, mo fi 6.28 pín in, ó fún mi ní ínṣì márùn-ún àti kọ́tà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà róbótó náà sórí aṣọ.

"Ma, ta ló kọ́ yín ní six point two eight?"

"Ọ̀gá mi."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Túmọ̀ sí báwo? Òun la fi ń pín ìbàdí kí flare má baà fún èèyàn."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ 3.14 sórí tábìlì, ó fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀. Two pi ni. Ohun tí tíṣà wa kọ sójú pátákó nígbà náà, tí mo kà sí àmì àwọn ará ibòmíràn, òun ni mo ti fi ń gé aṣọ láti ọjọ́ yìí wá. Inú bí mi. Ó lé lógún ọdún tí mo ti mọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo mọ̀ ọ́n.

Ibi tí àdéhùn wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi á máa rán aṣọ rẹ̀, òun á máa kọ́ mi. Agogo méjìlá sí méjì ni, lẹ́yìn kíláàsì àárọ̀ rẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ti lé àwọn oníbàárà sílé, kí ọmọ mi tó ti ilé ìwé dé. Mo sọ fún un kedere pé bí ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, aṣọ là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ là ń lò. Tí a bá parí, màá fi àkísà nu gbogbo rẹ̀ kúrò.

N kò ní ṣe ojú ayé: mo tètè mọ̀ ọ́n. Ní ti ìdá, èmi àti kọ́tà àti ààbọ̀ àti ìdá mẹ́jọ ínṣì ti jọ ń gbé ó ti pẹ́. Igun àti ìlà kò ní wàhálà kankan nínú. Nígbà tó sọ pé igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta, bó ti wù kó rí, 180 ni gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́, mi ò gbà. Mo gé onígun mẹ́ta kan lára bébà tí mo fi ń ya pátáànì, mo ya igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n di ìlà gbọọrọ. Mo gé òmíràn tó rí wọ́gọwọ̀gọ, bákan náà ló rí. Ó ní nínú gbogbo àwọn tóun ti kọ́, èmi nìkan ló béèrè ẹ̀rí. Mo ní kí ló dé tí n ò ní béèrè.

X pàápàá kò dẹ́rù bà mí. Aṣọ tó ṣẹ́ kù tí mi ò tíì wọ̀n ni mo kà á sí. Ibi tí mo ti ń ṣubú ni ibi tí wọ́n bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ kí wọ́n tó béèrè nǹkan. Èyí tó kọ́kọ́ gbé mi ṣánlẹ̀ lọ báyìí: "Five less than twice my brother's age is 17. How old is my brother?" Mo rí five níwájú, mo kọ 5 síwájú: 5 − 2x = 17. Mo ṣe é dé ìparí, n kò ṣìnà níbì kankan, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn. Ó jẹ́ −6.

Ó fi ìka tẹ ìdáhùn náà. "Ma, ọmọ ọdún minus six ni àbúrò yín?"

"Ohun tí ìṣirò sọ nìyẹn."

"Ìyẹn ni pé ó ku ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó bí i."

A rẹ́rìn-ín títí tábìlì fi ń mì. Ṣùgbọ́n mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, seven less than ni tọjọ́ yẹn, mo sì tún un ṣe lọ́jọ́ kẹta. Ó fi bọ́tìnnì ṣàlàyé, ó fi téèpù ṣàlàyé. Tó bá ti wà lórí bọ́tìnnì, ó yé mi. Tó bá ti di Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ojú mi bá kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ kọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tá a wà lórí ẹ̀. Ìdánwò ti ku oṣù kan, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, èmi tí ẹ̀rù kì í tètè bà. Mo mọ̀ pé ohun tó fún mi ní F9 méjèèjì nìyí, a ti wá rí ara wa lójúkorojú.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní òun fẹ́ bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wá, Òkokomáíkò ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sì í fi Gẹ̀ẹ́sì pe nọ́ńbà orin. Olórí akọrin dìde, ó ní, "Orin wa, ìkarùndínlọ́gọ́sàn-án," ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sì ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, wọ́n ń yọjú wo ti ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn. Tíṣà mi ṣí orin karùn-ún. Ó tún ṣí 95. Mo ti ìwé tèmi síwájú rẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "One seventy-five."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ní márùn-ún dín ní ọgọ́sàn-án."

"Kí ni ọgọ́sàn-án?"

"One-eighty."

Kò kọ orin náà. Èmi ló ń wò títí a fi kọ ọ́ tán, mo tiẹ̀ rò pé gèlè mi ti yẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ kí n tó wọ bàtà, ó sì wá bá mi níbẹ̀.

"Ma, márùn-ún dín ní ọgọ́sàn-án. Èwo lẹ kọ́kọ́ pè níbẹ̀?"

"Márùn-ún."

"Ṣé five minus one-eighty ni?"

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé ẹ̀yìn èèpo ìwé ni wọ́n tẹ orin náà sí?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń kọ five minus two x?"

Mo dúró pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Five less than twice my brother's age. Márùn-ún dín ní ìlọ́po méjì ọjọ́ orí àbúrò mi. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń lù mí bolẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní girama, bí èmi náà ṣe ń kà láti kékeré ló ṣe tò ó, kò yàtọ̀ ní nǹkan kan. Ta ló máa gbọ́ mẹ́tàdínlógún tó máa lọ yọ ogún kúrò nínú mẹ́ta? Ọmọ ọdún márùn-ún kò ní ṣe é. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi, méjèèjì pọ̀ bákan náà. Mo wá yíjú sí i, mo ní, "Ìwọ náà, o ń ka ìṣirò ní yunifásítì, o ò mọ ọgọ́sàn-án." Ó ní kí n kọ́ òun. Láti ọjọ́ náà, ìdajì wákàtí ìkẹyìn di tirẹ̀. Èmi tíṣà, òun akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì rọra mú un.

Lọ́jọ́ Ajé ó kọ irú ìbéèrè yẹn mẹ́wàá fún mi. Mo kọ́kọ́ fi Yorùbá ka ìkọ̀ọ̀kan lábẹ́lẹ̀ kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì, mo sì gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Àbúrò ọjọ́sí yẹn wà nínú wọn, 2x − 5 = 17, ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ti wá bí i.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ọ̀jọ́ la ti ṣe ìdánwò náà. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo ka gbogbo ìbéèrè láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó kọ nǹkan kan, bí mo ṣe máa ń yẹ aṣọ wò kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ibi tí wọ́n bá ti rojọ́, mo kọ Yorùbá rẹ̀ sétí bébà tí wọ́n fún wa láti fi ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tí mi ò fọwọ́ kàn. Nígbà tí mo jáde, tíṣà mi ń dúró dè mí lábẹ́ igi, ó ní, "Ma, báwo?" Mo ní kó lọ mú aṣọ tó kàn wá.

Èsì dé sórí fóònù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́. B3. Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo tún un kà. Mo pe tíṣà mi, ó kígbe sí mi létí, ó ní kí n tètè gba fọ́ọ̀mù yunifásítì, pé ọmọ mi kò tiẹ̀ ní láti mọ̀. Òótọ́ ni. Mo lè pa á mọ́ títí. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, n kò lè ṣe ohun tó tó báyìí kí n má fọ́nnu. Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ fi B3 fọ́nnu fún ẹni tí mo ti sọ fún pé A ni mo ní?

Ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé fóònù fún un. Ó ka orúkọ mi, ó ka orúkọ iṣẹ́ náà, ojú rẹ̀ sì dúró sórí ọdún.

"Ọdún yìí?"

"Ọdún yìí ni."

"A yẹn wá ńkọ́, Mọ́mì?"

"Kò sí A kankan. F9 ni mo gbà, ẹ̀ẹ̀mejì. Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Mo ti múra de ìbínú pàápàá, mo sì mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó síbi tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ní, "Láti JSS2 ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni ọpọlọ mi ò pé nílé yìí." Kò gbóhùn sókè. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

F9 méjèèjì kò dùn mí tó gbólóhùn kan yẹn. Mo jókòó tì í, mo ní kó má bínú sí mi. Èmi ìyá rẹ̀, n kò tíì bẹ̀ ẹ́ rí láyé mi. Ó wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dá a padà fún mi.

"Èwo ló le jù nínú ẹ̀?" ló bi mí.

Mo ká aṣọ kúrò lórí tábìlì, mo sì mú ṣọ́ọ̀kì.