Ihò Tí Mo Ní Mo Ti Sùn Sí

Títí di òní olónìí, bí ara mi bá kan òkúta tí oòrùn ti yan, bàbá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Kì í ṣe pé bàbá náà le bí òkúta o. Orí àpáta ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún un jù lọ láyé mi. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ télọ̀ ní Ìgbẹ̀ìn, tí irùngbọ̀n mi kò tíì kún, tí ẹnu mi sì ti kún ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀dọ̀ Sàró kan tó padà wálé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orí ẹní ni mo ń jókòó sí, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ ọ̀nà mìíràn ju ti ilé, ti ọjà àti ti oko ìyá mi lọ. Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tí mo fẹ́ fi ṣaya. Alárinà wa ti lọ, ó ti bọ̀, bàtà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ṣùgbọ́n ìjọ́hẹn kò tíì jáde lẹ́nu bàbá ọmọ náà. Bàbá yìí ti jagun rí, àpá ọfà sì wà ní èjìká rẹ̀. Kò ka ọkùnrin tó ń jókòó ránṣọ kún ọkùnrin rárá. Ó máa ń bi alárinà pé, bí ogun bá dé, ṣé abẹ́rẹ́ ni ọkọ ọmọ òun máa fi gún wọn ni?

Ogun Dàhòmì ti wá bá wa lẹ́ẹ̀kan nígbà náà, a sì ti lé e padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò pé kò ní í tún wá. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí bàbá yìí, mo bá àwọn àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí olúkúlùkù lè kó ìyàwó àti ọmọ pamọ́ sí. Ó yẹ kí n kí wọn, kí n sì máa lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dá sí i. Mo ní ihò ńlá kan wà lórí Òkè Olórí-Méjì, òkè olókùúta tó dá dúró lẹ́yìn odi, pé ihò náà gba agbo ilé kan pẹ̀lú ewúrẹ́ wọn.

Bàbá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ télọ̀, ibo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti sùn níbẹ̀ rí, Bàbá. Ọjọ́ méje gbáko."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bí mo bá ní ọjọ́ kan ni, bóyá wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì kọjá lọ. Ọjọ́ méje yẹn ló bà á jẹ́.

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "Ní ọ̀túnla, ìwọ lo máa mú mi lọ. Bí mo bá fojú ara mi rí ihò náà, kí alárinà yín wá gba ìjọ́hẹn. Bí n kò bá rí i, kí ó má ṣe yọjú sí ilé yìí mọ́."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó jókòó. Ó ní, "Ṣé òkè tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán láti oko yẹn? Ìwọ tí o ń pariwo bí o bá rí alángbá nínú agbọ̀n aṣọ?" Mo dá a lóhùn pé òkè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ihò kan lára. Ohun tí mo gbọ́kàn lé nìyẹn, kò sí òmíràn.

Àwa mẹ́ta la lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà lóbìnrin ní òun máa tẹ̀ lé wa láti máa dáná. Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ru ìkòkò, iṣu àti àpò ìyẹ̀fun láfún lórí bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Èmi ru àgọ́. Mo ti rí i pé àwọn òyìnbó oníwàásù máa ń ta aṣọ sùn bí wọ́n bá rìnrìn àjò, nítorí náà mo fi ọjọ́ kan àbọ̀ rán aṣọ funfun nípọnnípọn kan pọ̀, mo gbẹ́ èèkàn mẹ́jọ, mo sì ń fi yangàn fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ohun tí mo rù. Nígbà tí a dé orí òkè ni mo tó mọ̀ pé èèkàn kì í wọ àpáta. Mo gbá àkọ́kọ́ títí ó fi fọ́. Bàbá náà ń wò mí. Ìyá Àgbà ṣa òkúta, ó tò wọ́n sí etí aṣọ náà yíká, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Kí a tó dé orí òkè yẹn, mo ti jẹ ìyà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń tọrọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbikíbi tó bá ti pàdé àna rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, mo pinnu pé ìdọ̀bálẹ̀ ni máa fi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Bàbá náà kò lè wẹ̀yìn wò kí n má dọ̀bálẹ̀. Ó dúró kó mí, mo dọ̀bálẹ̀. Ó yíjú láti tu itọ́, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí àpáta ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yíjú láti bi mí bóyá ọ̀tún ni àbí òsì, mo tún fi àyà lélẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀, ojú mi sì ń wo àna mi bó ṣe ń jìnnà sí mi. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ló dá mi dúró. Láti òkè ni mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà: "Dìde, ọmọ mi, a ti rí i pé o lẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá burú jù. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ kì í jẹun lójú àna, ìtìjú ńlá ni. Àgbà tí wọ́n sì ń dọ̀bálẹ̀ fún kì í la ẹnu gbàgà sí òkèlè lójú ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìlú, èyí kò le, nítorí olúkúlùkù ló ní yàrá tirẹ̀. Lórí àpáta kò sí yàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, Ìyá Àgbà ro láfún, ó fi ilá àti ẹja gbígbẹ sebẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn rẹ̀ wá bá wa tààrà.

"Ẹ wá jẹun o," ló wí.

"Mo ti yó, Ìyá," ni mo dáhùn. Láti òwúrọ̀ n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu.

Bàbá náà wú ikọ́. "Èmi? Lójú ogun, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rìn tí n kò ní í béèrè oúnjẹ."

"Ẹ kú ọlá," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì jókòó, ó jẹun tirẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, ó jẹ ẹja náà kan egungun, ó lá ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ikùn àna mi kùn. Tèmi dá a lóhùn. Àwa méjèèjì jọ ń wo ojú sánmà.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú wọn rìn yí òkè náà ká láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Mo ní ihò náà wà lápá ìlà-oòrùn. A dé ibẹ̀, kò sí. Mo ní bóyá ojú ló ṣì mí, pé lápá ìwọ̀-oòrùn ni. Mo nawọ́ sí igi kan, mo ní mo rántí igi náà dáadáa, abẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń gba atẹ́gùn. Ìyá Àgbà wo igi náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni? Igi náà mà dàgbà kíákíá o." Nígbà tó yá, bàbá náà jókòó sórí òkúta kan, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ tí òun kò rí ihò, ilé yá. Mo fẹ́ sunkún. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló ń bà mí nínú jẹ́ mọ́. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà gan-an, ẹnu mi ni mo sì fi ń lé e lọ.

Mo padà síbi àgọ́. Bàbá náà kò sí níbẹ̀; mo rò pé ó lọ sinmi. Ìyá Àgbà fi iṣu sísun gbígbóná kan tí ó fi ewé wé lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú akèrègbè omi. Ó rọra wí pé, "Gba ẹ̀yìn igi ọ̀pọ̀tọ́ yẹn lọ. Kò sí ẹni tó máa rí ọ níbẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún iṣu náà. Mo sáré lọ sẹ́yìn igi, àmọ́ mo ṣì rò pé bàbá lè yọ sí mi, nítorí náà mo fa ìtàkùn tó bo àpáta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rí àlàfo tóóró kan, mo sì fẹ̀gbẹ́ wọ inú rẹ̀. Mo ti gé iṣu jẹ kí n tó mọ̀ pé ibi tí mo dúró sí ti gbòòrò. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó tutù, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé láti ihò kékeré kan lókè. Agbo ilé kan lè gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ wọn.

Ẹnì kan sì ń jẹun nínú rẹ̀.

Bàbá ìyàwó mi ló jókòó sí ìkángun, iṣu ní ọwọ́ ọ̀tún, iṣu ní ọwọ́ òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ìtìjú náà dé bá a lójijì, ó gbìyànjú láti gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà, iṣu gbígbẹ náà sì há a lọ́fun. Ojú rẹ̀ yọ. Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. N kò rántí ìdọ̀bálẹ̀, n kò rántí àna. Mo fò mọ́ ọn, mo tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, mo sì gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára mi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí iṣu náà fi jáde. Mo gbé akèrègbè sí i lẹ́nu. Ó mu, ó mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni orí mi tó padà sípò. Mo ti gbá àna mi, ọmọ ogun, lẹ́yìn bí ẹni ń lu ìlù. Mo dojú bolẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. N kò dé orí òkè yìí rí. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀."

Ó wo ihò náà yíká, ó wo iṣu tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún wò mí. Ó ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́, kí lo rí tí mò ń ṣe níhìn-ín?"

"Ẹ ń sinmi, Bàbá."

"Ó dáa. Èmi náà, bí wọ́n bá bi mí, ìwọ lo mú mi wá síbí." Ó gé iṣu rẹ̀ sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi, nítorí tèmi ti bọ́ sínú erùpẹ̀. A jọ jẹ ẹ́, a kẹ̀yìn sí ara wa.

Nígbà tí a jáde, Ìyá Àgbà ti ń ká aṣọ àgọ́. Àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé a ti rí ihò náà. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ààrò mi ṣì wà níbẹ̀?" Ìgbà yẹn ni mo tó rántí òkúta mẹ́ta aláwọ̀ dúdú tí mo rí nílẹ̀. Inú ihò yẹn ni òun àti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ sá sí nígbà ogun ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, kí a tó tẹ ìlú wa dó. Inú bí bàbá náà, ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ láti ilé. Ó ru ìkòkò rẹ̀. "Ta ló bi mí? Télọ̀ lẹ bi."

Alárinà gba ìjọ́hẹn, mo sì fẹ́ ìyàwó mi. Ogun náà tún dé lóòótọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ilé àna mi fi ihò náà ṣe ibùgbé títí ogun fi kọjá, mo sì gbọ́ pé níbẹ̀, kò sí ẹni tó kẹ̀yìn sí ẹnì kan láti jẹun. Bàbá náà kú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kò sọ ohun tí mo ṣe, èmi náà kò sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo tó jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Mo rò pé ó máa bínú. Ó kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí a sọ̀kalẹ̀, pé Ìyá Àgbà dúró lẹ́yìn ìtàkùn, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Ohun tí arúgbó náà sọ fún un ni pé, "Ọkọ rẹ purọ́, ó fi ọjọ́ méjì dọ̀bálẹ̀ bí aláìníṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ikú yọjú, kò dọ̀bálẹ̀. Fẹ́ ẹ." Gbogbo ọdún tí mo fi ń rò pé irọ́ mi ló fún mi níyàwó, àṣé ẹyọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà yẹn ni.

Irun mi ti funfun báyìí. Níjẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fẹ́ àbígbẹ̀yìn wa wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, ó ní òun ti yó. Mo gbọ́ ikùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Èmi náà ní ebi kò pa mí. Ìyàwó mi wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó dìde, ó sì lọ sun iṣu méjì.