Ẹ́ńjìnnì Díákónì Lórí Adágún Òkè

Òjò wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ ní Springdale láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú èyí tí kì í rin aṣọ tán, tí kì í sì í dá. Mo ń mu ẹ̀kọ mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Díákónì ìjọ wa ní Camp Springs ni, ó ń pè láti orí òkè Colorado.

"Mama, ó kọ̀, kò sítáàtì."

Èmi ni mo tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ṣe. Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní Ẹ̀pẹ́, òun náà ni mo sì ṣe níbí, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí odò, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni, oníkabúrétọ̀. Ihò kékeré kan wà nínú kabúrétọ̀ tó ń wọn epo, jẹ́ẹ̀tì là ń pè é. Atẹ́gùn orí òkè fẹ́lẹ́. Bí epo bá ń wọlé bíi ti ìsàlẹ̀, á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́, á máa yọ èéfín dúdú. Bó ṣe kú sáàárín adágún orí òkè náà lọ́dún tó kọjá nìyẹn, tí Díákónì àti ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ wa omi dé etí ilẹ̀. Ìyàwó náà, nọ́ọ̀sì ni, ní òun á wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Bó bá tún kú, wọ́n á ta ọkọ̀ náà.

Mo wá yọ jẹ́ẹ̀tì ńlá rẹ̀, mo fi òmíràn tí ihò rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Mo ní kí wọ́n má fi sáré nílé nísàlẹ̀, torí epo á kéré jù níbẹ̀, kó má baà gbóná jù kó nọ́ọ̀kì.

"Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Báwo ló ṣe rí?"

"Kò dúdú, Mama. Ó ń dán."

"Púlọ́ọ̀gì kì í dán. Kí lẹ fi pa á?"

Ìyàwó rẹ̀ ló kígbe láti ẹ̀yìn: "Òróró àdúrà ni, Ma! Ó tún ní kí n ṣe Àmín!"

"Díẹ̀ ni," Díákónì wí.

"Ẹ nù ún kó gbẹ. Ẹ fi òróró yẹn pa ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ọlọ́run á rí i níbẹ̀."

Wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà. Díákónì fa okùn, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó tún fà á, ẹ́ńjìnnì gbà. Mo tẹ́tí, kò húkọ́.

"Ẹ má pa fóònù o, Ma," ìyàwó wí, ó sì wọ ọkọ̀. Ẹ̀kọ mi ti tutù kí n tó tún gbóhùn Díákónì.

"Mama, a ti dé ibi tó ti kú lọ́jọ́sí."

"Kí ló ń ṣe?"

"A ti kọjá ibẹ̀."

"Ta lẹ wá fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún?"

"Ọkọ̀ wo, Ma?" ìyàwó rẹ̀ wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi pẹtiróòlù fọ jẹ́ẹ̀tì ńlá tí mo yọ, tó wà lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò rẹ̀, mo fi sínú ike, torí òun ló máa padà sínú ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ délé. Mo kọ orúkọ Díákónì sára ike náà. Mo kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ má fi òróró sí i.