Fáìlì Méjì Tí Kò Bára Mu

Lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àwọn tó ń kọ kóòdù, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sọ̀ ní Ìkẹjà. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Oṣòdì ni mo tó mọ̀ pé mo ti kọjá ibi iṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, ní gbọ̀ngàn kan ní Maryland, kí n fi ṣàlàyé irinṣẹ́ kan tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ní ọ́fíìsì wa jọ kọ.

Irinṣẹ́ náà kò ṣeé fọwọ́ mú, inú kọ̀ǹpútà ló wà. Àwa márùn-ún là ń kọ kóòdù áàpù kan tí àwọn tó ń ta oògùn fi ń mọ èyí tó kù lórí pẹpẹ àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Kálukú á kọ tirẹ̀. Irinṣẹ́ yìí ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, tí á yẹ̀ ẹ́ wò, tí á sì pò ó pọ̀ di fáìlì kan ṣoṣo tí fóònù lè lò. Ohun tí mo fẹ́ fi yangàn ní Maryland ni pé kọ̀ǹpútà yòówù kí o ti lò ó, kóòdù kan náà á fún ọ ní fáìlì kan náà, lẹ́tà kan ò ní yẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ohun tí ẹlòmíì ti kì bọ̀ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n á fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, àwọn ló sì kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Mo rò pé inú wọn á dùn. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé fóònù mi súnmọ́ ojú, wọ́n kà á, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbójú sókè.

"Àbúrò, ṣé kò ti yá jù? Irinṣẹ́ yìí ò tíì gbó tó ohun tí à ń gbé síwájú èrò."

"Kí ló kù, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mi ò lè nàka sí i. Ara mi ni kò gbà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo sọ fún ara mi pé ìlara ni, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Mo wá ń rí ohun tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀. Bí mo bá súnmọ́ tábìlì wọn, wọ́n á rọra pa ìdérí kọ̀ǹpútà wọn dé. Bí fóònù wọn bá dún, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan wà nígbà kan, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n jáde lọ́sàn-án tí wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn síni lẹ́sẹ̀ kì í pẹ́ rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí kálukú fi irinṣẹ́ wa po kóòdù kan náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí wọ́n sì fi fáìlì tó bá jáde ránṣẹ́ sí mi. Mo fi wọ́n wéra. Mẹ́rin bára mu. Ti Ẹ̀gbọ́n nìkan ló yàtọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe. Ó tún yàtọ̀.

Mo lọ bá wọn bí ẹni tó kàn ń ṣeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú irinṣẹ́ wa ni?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kàn án. Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn bèèrè ni."

Wọn ò wò mí lójú. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ni wọ́n ń wò, bí ẹni pé ẹlòmíì ló dúró lẹ́yìn mi. Mo ní láyà mi pé, ẹlẹ́ṣẹ̀ kì í kúkú lè wojú ènìyàn.

Nígbà tí mo délé ní Agége, mo rò ó fún màmá mi. Ìyá àdúrà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, wọn kì í sì í fi ọ̀tá ṣeré. Wọ́n ní, "Ẹni tó súnmọ́ni ló ń ṣeni. Má jẹ nǹkan ọwọ́ wọn mọ́." Ẹ̀gbọ́n sì rèé, àràárọ̀ ni wọ́n ń ra àkàrà fún gbogbo wa. Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti nà án sí mi, màá ní mo ti jẹun nílé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ wọn kan pè wọ́n láti ìsàlẹ̀ pé àwọn ti pẹ́ fún ìrun. Wọ́n sáré mú fìlà, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mo dúró títí mi ò fi gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn mọ́, mo wá lọ jókòó sí àga wọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ ni. Lẹ́tà tó wà lójú rẹ̀ tóbi tó lẹ́tà ara nọ́ńbà mọ́tò. Ìlà mẹ́rin péré ló gba ojú rẹ̀. Kò yé mi, mi ò sì dúró rò ó, nítorí ohun tí mo wá ni mò ń lé. Mo tú fáìlì wọn palẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀: orúkọ fódà, ìyẹn àpò tí a ń kó iṣẹ́ sí nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ kan náà ni fódà àwa yòókù ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ti yí tiwọn padà sí IṢẸ́ NÌYÍ, ní lẹ́tà gàdàgbà, kí wọ́n lè tètè rí i. Irinṣẹ́ wa ló ń da orúkọ fódà yẹn kọ sínú fáìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá ìlà kóòdù tó ń ṣe é kàn. Èmi ni mo kọ ọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àga náà ni mo ṣì jókòó sí nígbà tí wọ́n dé.

"Ṣé o ti rí ohun tí ò ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo bi ọ́ ni."

"Mo ti rí i. Èmi ni mo ṣe é."

"Kí lo rò pé o máa rí?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. "Mo rò pé ẹ ti kì nǹkan bọ áàpù náà ni."

Wọ́n fa àga mi, wọ́n jókòó. "Ojú mi ni," wọ́n ní. "Bí mo bá ti tẹjú mọ́ nǹkan, àárín rẹ̀ á pòórá. Àfi kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n tó rí i. Ilé ìwòsàn ojú ló ń pè mí. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá tètè gbọ́, kí wọ́n má lọ sọ pé kí n máa sinmi nílé."

Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde.

"Ìkúnlẹ̀ kọ́ ni mò ń bèèrè. Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń jókòó. Ṣé o ò lè bi mí ni?"

Mo ní, "Mo bi yín." Wọ́n mi orí.

"O ò bi mí. Ò ń dẹ mí wò ni."

Mo dìde. Wọ́n ní, "Lọ tún ìlà yẹn kọ kí o tó lọ dójú ti ara rẹ ní Maryland."

Mo tún un kọ. Fáìlì márààrún bára mu. Ètò ọ̀rọ̀ mi náà ni mo tú palẹ̀: mo yọ gbogbo ìyangàn inú rẹ̀, mo sì fi àṣìṣe tí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá síbẹ̀. Ìlà iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọ́n yí orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì mọ̀ nísinsìnyí pé èmi gan-an ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí mo parí, obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe kọ́kọ́ mọ̀ pé irinṣẹ́ ló jẹ̀bi, tí kì í ṣe ènìyàn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Ènìyàn ni mo kọ́kọ́ fura sí, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ṣì í rò, mo sì hùwà àìdáa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ni. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ojú náà fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ra ojú kọ̀ǹpútà fífẹ̀ kan fún wọn. A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á dáhùn, wọ́n tiẹ̀ máa ń bá mi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n nílò ẹni tó máa sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, akẹgbẹ́ wa tó ń jókòó lápá ọ̀tún wọn ní ọ́fíìsì ni wọ́n pè. Mi ò bi wọ́n pé kí ló dé.