Ẹni Tó Ń Dá Ìye Lóhùn

Orí omi ni ilé wa wà. Òpó igi ló gbé e dúró, afárá pákó sì ni gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹni tó bá dàgbà síbẹ̀ kì í dúró dìgbà tó bá rí ojú kó tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Pákó á ti sọ fún un. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì máa ń wọ́ bàtà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi a máa rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyá mi lè jókòó nídìí ẹja tó ń yan, kó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kó sì ti máa kí èèyàn káàbọ̀ kí onítọ̀hún tó yọ. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Bàbá mi ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló já lé e lórúnkún nígbà kan, látìgbà náà ló ti ń fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ gidigidi, tí á sì rọra gbé èkejì tẹ̀ lé e. Gbì, tì. Gbì, tì. Ó lọ da àwọ̀n lọ́jọ́ kan, òkun ò sì dá a padà fún wa, kódà a ò rí òkú rẹ̀ gbé. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, kò sunkún lójú wa. Ó kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí omi ni. Kò fẹ́ jẹun, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi gba ayálégbé sí yàrá kan tó ṣófo. Ọkùnrin ará òkè kan ni, láti apá Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní rìgì, ilé irin tí àwọn elépo rọ̀bì gbé sí àárín òkun. Á lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́hùn-ún, á sì wá sinmi lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kọ́ ọ nílé dáadáa. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Ìye bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìye ò rí i. Bó bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté, á bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, á sì máa yọ́ rìn lórí pákó kó má baà dí àwọn obìnrin ilé lọ́wọ́.

Ní tiwọn, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ní tiwa, ẹni tí pákó kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí kò bá jẹ́ olè, ohun tí kò ní ara ni. Mo ń ho ìpẹ́ ẹja lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró tì mí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo fi ọ̀bẹ ya ara mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bó bá kí wọn, wọ́n á jẹ́ ẹ ní ṣókí, wọ́n á sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó wá bá ìyá mi. "Mà, ṣé mo ṣẹ àwọn èèyàn yín ni? Bí mo bá kí wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò."

"Ò ń rìn bí ẹni tí kò sí níbẹ̀," ìyá mi dáhùn. "Jọ̀ọ́, wọ bàtà rẹ. Tẹ pákó kó dún. Jẹ́ kí ilé mọ̀ pé ò ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti èbúté. Gbì, tì. Gbì, tì.

Irin kan ló ti bà á lọ́rùn ẹsẹ̀ níbi iṣẹ́ nígbà kan rí. A ò mọ̀, nítorí pé ẹni tó ń yọ́ rìn kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun ń tiro. Ẹja bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ti ní "Ẹ káà...", kò sì parí rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, Ìye gbé orí sókè.

"O ti dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ọkùnrin náà dáhùn.

Ìye jẹ òkèlè pupuru lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti máa ń sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá á sì máa gbọ́ wọn níbi tí mo ti ń kó ẹja.

"Ṣé òtútù wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Pàápàá láàárọ̀."

"Ẹ pọ̀ níbẹ̀?"

"A pọ̀, mà. Kò sí irú èèyàn tí kò sí níbẹ̀."

"Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Iná ńlá kan ń jó níbẹ̀ tọ̀sán-tòru."

Ìye mi orí. "Mo máa ń rí pípọ́n rẹ̀ láti ibí."

Ọkùnrin náà sọ fún mi pé inú òun dùn sí Màmá, bó ṣe ń pe Ìye, pé nínú gbogbo ìlú, àwọn nìkan ló ń béèrè iṣẹ́ òun. Rìgì ló ń sọ. Mo mọ̀ pé ibi tí òkun gbé bàbá mi lọ ni Ìye ń sọ. Nílé wọn, èèyàn kì í já àgbàlagbà ní koro. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" lè máà ju "mo ń gbọ́ yín" lọ. Bí Ìye ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe gbà á. Mo sọ fún ìyá mi. Ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí Ìye ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n irun ara mi máa ń dìde bí mo bá gbọ́ wọn, torí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

Kùrukùru bo gbogbo àdúgbò láàárọ̀ ọjọ́ kan. A ò rí ilé tó kángun sí wa; ohùn àwọn ará ibẹ̀ nìkan là ń gbọ́, bíi pé omi ló ń sọ̀rọ̀. Ayálégbé wa máa padà sójú òkun lọ́jọ́ kejì.

"O tún ń lọ lọ́la?" Ìye béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ààyè ṣì wà níbẹ̀?"

"Ààyè pọ̀, mà."

"Fún èmi náà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ máa bọ̀, mà. Èmi fúnra mi ni màá wá mú yín."

Ìyá mi yọ láti inú ilé ìdáná, ó gbá a lẹ́wù mú, ó fà á wọlé. "Mú ọ̀rọ̀ yẹn padà! Mú un padà báyìí!"

"Mà, eré ni mò ń bá Màmá ṣe."

"Ta lo rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?"

Ìyá mi wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọkọ òun, ìró ẹsẹ̀ ọkọ òun, òkun. Ọkùnrin náà jókòó sórí agbada tí a dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Ò ń dá a lóhùn," ìyá mi ní. "Ó sì ń jẹun."

Èmi náà dá sí i. "Bùrọ̀dá, yanrìn ńkọ́? Ìye ní ẹ sọ fún òun pé yanrìn ibẹ̀ rọ̀, pé kì í dun èèyàn lẹ́yìn."

Ó wò mí. "Yanrìn wo? Irin ni gbogbo ibi tí a wà. Mi ò sọ̀rọ̀ yanrìn fún wọn rí."

Níta, nínú kùrukùru, Ìye ṣì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń dánu dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gbọ́ èsì.

Ọkùnrin náà dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ojú ara rẹ̀. "Màmá, èmi kọ́ lọmọ yín. Ará apá Ọ̀yọ́ ni mí. Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ. Mi ò ní wá mú yín lọ síbì kankan."

Ìye fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó kan iwájú orí rẹ̀, ó pẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọmọ mi kì í fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Kò sì gbà fún mi tó báyìí rí. Alágídí ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ti pẹ́ tó ti ń pa ẹkún yẹn mọ́ra.

"Ẹsẹ̀ ẹ ni mò ń dúró gbọ́," Ìye sọ fún ọkùnrin náà. "Má bọ́ bàtà ẹ."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó padà dé, àtèbúté ló ti ń pariwo, "Èmi ayálégbé yín ni o!" kó tó gbé ẹsẹ̀ lé pákó. Ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún Ìye. Bó bá bi í bóyá òtútù wà, á ní, "Rárá, Màmá, ẹ jẹun yín." Wọn a máa jà lórí oúnjẹ, ìjà náà sì bá Ìye lára mu. Ìyá mi ò béèrè ọ̀rọ̀ yanrìn yẹn lọ́wọ́ Ìye rí. Èmi náà ò béèrè.

Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn nígbà tó yá. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, a kó lọ sí Ìgbókòdá, sí ilé oní-sìmẹ́ńtì, níbi tí ilẹ̀ kì í dún. Bí a bá kí Ìye níbẹ̀, kì í dáhùn, torí kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ohùn náà. Á na ọwọ́ síwájú, a ó tẹ orí ba fún un, á fọwọ́ wá ojú wa kiri títí yóò fi dá wa mọ̀, ìgbà náà ni á tó sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ nìyẹn títí ó fi kú.