Àǹtí Máàpù àti Ṣọ́ọ̀bù Etíkun

Ẹ bá mi wo ayé o! Obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Máàpù, torí kò síbi tó ń lọ tí máàpù etíkun kì í sí lábíyá rẹ̀. Òkun yà wọnú ilẹ̀ níbẹ̀, ìlú mẹ́ta tò yí i ká, wọn ò sì gbọ́ra wọn yé rí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó kó wọn jọ sójú kan, kí wọ́n tún etíkun náà ṣe, kí àlejò lè máa wá gbafẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn apẹja ò fẹ́ràn ìwé. Gbé bírò síwájú wọn, kálukú á máa wo àjà. Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló máa ń yọ ọ́. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni, etíkun ni ṣọ́ọ̀bù onípákó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un wà. Bí wọ́n bá ti ń wojú ara wọn, á ní, "Ẹ gbé e wá jàre, àbúrò mi ló ni í." Á kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè pátápátá, á buwọ́ lù ú, àwọn yòókù á wá tẹ̀ lé e.

Nípàdé tó kẹ́yìn, èrò pọ̀, Àǹtí Máàpù kàn fa ìlà sórí ìwé fún orúkọ àwọn tó wá. Kò kọ àkọlé kankan sí i. Ta ló ráyè?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣí fáìlì tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé ìtura tó fẹ́ kọ́lé sétíkun náà. Ìwé ìpàdé yẹn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sókè rẹ̀ pé: "Àwa tó gbà láti kó kúrò létíkun." Orúkọ Bùrọ̀dá ló ṣíwájú.

Ó gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ. "Sà, orúkọ àwọn tó wá sípàdé lásán nìyí. Wọn ò gbà láti kó lọ síbì kankan."

Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé wọn ò wá ni? Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wò ó bóyá ẹ ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má fa wàhálà."

"Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ ṣeun kẹ̀! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o. Ó mọ̀ pé bí òun bá fa ìwé yẹn ya, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá fà á ya, ṣọ́ọ̀bù bàbá òun lọ. Ó pa fáìlì dé, ó fi ránṣẹ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé òun á sọ fún Bùrọ̀dá tó bá yá.

Kò yá títí katakata tí wọ́n fi ń wólé fi dé. Àwọn tó gbé e wá fi ìwé han Bùrọ̀dá, ó wo ìbuwọ́lù ara rẹ̀ títí.

"Àbúrò mi mọ̀ sí i?"

"Àwọn ló fi ránṣẹ́ sí wa, sà."

Kò bá wọn jà. Ó kó òòlù àti ayùn rẹ̀ jáde, wọ́n sì wó ṣọ́ọ̀bù náà lulẹ̀. Òkúta dídán ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn àlejò ń jókòó mu tíì. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàtẹ́wọ́ fún Àǹtí Máàpù, wọ́n fún un níwèé ẹ̀yẹ. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè gbé e kọ́ sára ògiri.

Lọ́jọ́ Àìkú ó gba ilé Bùrọ̀dá lọ. Ìyàwó Bùrọ̀dá ló yọjú, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ìyàwó wa, Bùrọ̀dá ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé, Àǹtí."

Lẹ́yìnkùlé, òòlù ń dún kó, kó, kó.

"Jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé mo wá tọrọ àforíjì ni."

Ojú ti ìyàwó náà, ó wolẹ̀. "Wọ́n ń gbọ́ yín, mà."

Òòlù ò dúró. Ìyàwó náà rọra ti ilẹ̀kùn.