Yìnyín Lára Ilé Ìyá Mi

Ọkùnrin tó ni áàpù orin tí mo ń bá ṣiṣẹ́, ọmọ ìlú wa ni. Ẹja yíyan ni ìyá rẹ̀ tà tó fi rán an níléèwé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ó rò pé inú fíríìjì ni wọ́n bí i sí. Kò sí ohun tó dára lójú rẹ̀ àfi èyí tó bá ti òkè òkun wá. Iṣẹ́ tó gbé fún mi kò le: àwòrán Kérésì tí yóò máa mira lójú fóònù bí orin bá ń lọ, tí yóò máa ga, tí yóò máa lọ sílẹ̀ bí ohùn orin bá ṣe ń ṣe. Irú rẹ̀ ni mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jẹun nínú yàrá mi ní Zion Pepe, bí jẹnẹrétọ̀ bá gbà fún mi.

Ilé ìyá mi ní Abereke ni mo yà. Mo ní ìdí. Òkun ti gbé ilé ìdáná rẹ̀ lọ, ó ti gbé ilé aládùúgbò tó wà níwájú lọ, ilé tirẹ̀ ló wá kàn. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi kí omi tó tún dé, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bàbá wa ló ri àwọn òpó ilé náà mọ́lẹ̀, òun kò ní fi í sílẹ̀ fún ẹja. Bí ìjì bá ti ń jà lóru, oorun mi ti lọ nìyẹn. Mo wá sọ fún ara mi pé bí ilé náà bá tilẹ̀ máa lọ, kí ayé ti rí i ná.

Mo yà á dáadáa: ilé pákó lórí òpó, màrìwò tí a máa ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà Kérésì, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ará ìdálé bọ̀ wálé, kùrukùru ọyẹ́ lójú omi. Bí orin bá ń ga, màrìwò á máa jó. Ọ̀gá wò ó, ó pè mí.

“Ilé yìí dùn ún wò,” ó ní, “ṣùgbọ́n Kérésì dà níbẹ̀? Sínóò dà?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé yìnyín kì í bọ́ ní Abereke.”

“Èrò ará oko nìyẹn. Jẹ́ kó máa bọ́, kó máa ga lára ilé náà bí béèsì bá ṣe ń dún.”

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ ní ìhòòhò nínú omi wa títí irùngbọ̀n fi hù lójú rẹ̀ ló ń kọ́ mi ní Kérésì, kò sì tì í lójú. Òtútù wo ló ti mú un rí, bí kì í ṣe ti ẹ̀rọ amúlétutù? Ìranù gbáà. Mo bú u nínú ikùn mi, mo sì ṣe é fún un, torí iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó, ó gun àkàsọ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà. Bí ègbè orin bá dé, ó kan fèrèsé. Ó rí bákan, àfi bí ìgbà tí ẹnì kan da ògì sára pákó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ìyá mi, ká lè jọ fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín.

“Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá ní kí n fi ilé yín ṣe.”

Ó jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó rí ilé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣí orin. Bí funfun náà ṣe kan òpó, ẹ̀rín dúró. Ìyá mi kò rí yìnyín rí láyé rẹ̀. Funfun tó bá ń gun òpó ilé, ìfófó òkun ló mọ̀ ọ́n sí.

“Yìnyín ni,” mo sọ fún un. “Ti ìlú òyìnbó. Ẹ má dá wọn lóhùn.”

“Mo gbọ́. Tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe. Ó tẹjú mọ́ ọn títí funfun fi kan fèrèsé yàrá rẹ̀, níbi tí ibùsùn rẹ̀ wà.

“Nígbà tó dé fèrèsé yìí,” ó ní, “níbo ni mo wà?”

Mo pa orin náà. Ẹ̀rù bà mí. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa, kò bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú kọ́tìnnì. Ó ká ẹní, ó gbé fọ́tò bàbá wa kúrò lára ògiri, ó ní kí n lọ wá ọkọ̀ wá. Mi ò bi í pé kí ló dé, kó má baà yí ọkàn padà.

A ti wà lórí omi, ó kẹ́yìn sí òkun, nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń pariwo: gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ló fẹ́ràn àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí i, nǹkan kan péré ló kù, kí n jẹ́ kí sínóò náà bo òrùlé pátápátá, kí ilé má hàn mọ́. Ó ní ibẹ̀ ni yóò ti dùn jù. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

“Kí ló ní?” ìyá mi bèèrè.

Mo sọ fún un.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ilé náà díẹ̀, ó pòṣé.

“Sọ fún un pé kó fara balẹ̀,” ó ní. “Òkun ti ń bá a ṣe é lọ.”