Ṣokoléètì Tó Hó Yeye

Aránṣọ ni obìnrin yìí, kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Àjákù aṣọ tí ẹlòmíràn ń dà nù, ìrọ̀rí ló fi ń rán. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣọjọ́ ìbí, tí ṣokoléètì ṣẹ́kù, ó kó o sínú agolo bisikíìtì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án Sátidé kan, òun àti ọmọ náà ní àwọn máa yọ́ ọ sínú mílíìkì gbígbóná, kí àwọn máa ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ ọ́ jẹ.

Ọmọ ń tú bébà, ó ń jù ú síkòkò. Ìyá ń rò ó. Àfi bí ìkòkò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó yeye, tí ìfófòó gòkè, tó dà sórí sítóòfù.

"Kí lo dà sí i?"

"Ṣokoléètì náà ni, Mọ́mì!"

Ìyá mú ọ̀kan tó kù, ó tú u, ó gbé e símú. Ọṣẹ ni! Ọṣẹ ìfọṣọ tó pọ́n bíi ṣokoléètì. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé e kéékèèké, ó sì fi bébà ṣokoléètì dì í dáadáa.

"Ta ló fẹ́ pa wá nínú ilé yìí?"

"Má pariwo mọ́, ìyàwó mi. Èmi ni."

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá tí dókítà ti ka ṣúgà léèwọ̀ fún! Màmá tí kì í fi ṣúgà mu tíì lójú ẹnikẹ́ni!

"Màmá! Gbogbo agolo yìí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń mú un, tí mo ń fi ọṣẹ dípò rẹ̀. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀ ni."

Aránṣọ ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun sunkún. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e: òòyì tó ń kọ́ màmá, omi tó ń mu láìsinmi, tí gbogbo wọn ń pè ní ọjọ́ ogbó. Ó pa iná, kò tiẹ̀ nu sítóòfù, ó mú màmá, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà ara rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wọ̀n.

"Ìyá, ṣúgà yín ti ga jù! Ṣé ẹsẹ̀ yín lẹ fẹ́ kí wọ́n gé ni?"

Màmá di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú pinpin.

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ títí ṣúgà fi wálẹ̀. Nígbà tó délé, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó kó ìwọ̀nba ṣokoléètì tó kù jáde, ó nà án sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Gbà, ẹ lọ yọ́ eléyìí. Ojúlówó ni."

Ọmọ náà gbà á, ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.